Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìbéèrè Mẹ́jọ Nípa Èdè Gẹ̀ẹ́sì

 

Ẹ ti mọ ìwé kà ní Yorùbá. Ẹ lè kọ orúkọ yín, ẹ lè kọ lẹ́tà sí ọmọ yín tó wà lájò, ẹ lè ka òṣùwọ̀n. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ń mú ìwé wá láti ọjà òdìkejì ibodè. Ẹ ń mú páálí oògùn wá. Ẹ ń mú ike oògùn koríko wá. Ẹ ní, “Olùkọ́, kí ni wọ́n kọ síbí?” Nítorí náà ni mo ṣe kó ìbéèrè yín jọ sínú ẹ̀kọ́ yìí.

Èmi náà kì í ṣe ọ̀gá nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ ní kọlẹ́ẹ̀jì, kí n tó padà sóko. Mo sì ti ṣe àṣìṣe kan nínú rẹ̀ tí n kò ní gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n fi í bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn ìwé kékeré kan

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa. Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìkórè, wọ́n kó àpò àgbàdo mẹ́wàá lọ sí ọjà kan ní òdìkejì ibodè. Oníbàárà kan ra mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó san owó àpò mẹ́fà lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun máa san owó àpò mẹ́rin tó kù ní ọjà tó ń bọ̀. Akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kọ ìwé kan fún Ìyá. Ìyá mú ìwé náà wá fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyí:

“10 bags. Balance paid.”

Mo mọ “balance”. Owó tó kù ni. Mo mọ̀ pé “paid” jẹ mọ́ owó sísan. Mo bá sọ fún Ìyá pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn máa san èyí tó kù.” Ìyá ká ìwé náà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró.

Nígbà tí ọjà pé, Ìyá padà lọ. Akọ̀wé náà na ìka sí ìwé, ó ní owó ti pé. Òótọ́ ni ohun tí ìwé wí. “Balance paid” kò túmọ̀ sí “a máa san owó tó kù”. Ó túmọ̀ sí “a ti san owó tó kù”. Ká ní “Balance to be paid” ni wọ́n kọ ni, Ìyá ì bá rí nǹkan dì mú. “To” àti “be”, lẹ́tà mẹ́rin péré, ni kò sí níbẹ̀.

Àwọn àgbà ọjà dá sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sọ ọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá rí owó àpò méjì gbà. Owó àpò méjì tó kù wọgbó.

Bóyá akọ̀wé náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bóyá ó gbàgbé ni, èmi ò lè sọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé, ká ní mo kà á dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá ì bá ti padà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ṣì rántí. Ó dùn mí púpọ̀. Ìyá kò bínú sí mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ọmọ mi, kọ́ wa ní èyí tó o mọ̀. Èyí tó ò mọ̀, lọ kọ́ ọ.”

Mo lọ kọ́ ọ. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ òní: nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ńlá nìkan kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kéékèèké, kí ẹ sì wo ìrù ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni owó yín wà.

Ìbéèrè kìíní: Kí ló kàn wá nínú Gẹ̀ẹ́sì?

Ní 1889, Fàránsé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn, wọ́n sì fa ààlà gba ilẹ̀ wa kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Fàránsé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn ẹbí kan náà ṣe di oríṣi méjì. Ẹ̀yin ará wa ní Tógò, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìjọba Gánà, tó bá yín pààlà ní ìwọ̀ oòrùn.

Bí ará Kétu bá dé Ìmẹ̀kọ, ẹnu rẹ̀ kò nílò Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú gègé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń kọ. Nítorí náà, a kò kọ́ ọ láti fi yangàn. À ń kọ́ ọ kí ìwé má baà sọ ohun tí ẹnu wa kò sọ.

Ìbéèrè kejì: Kí ni “s” ń ṣe ní ìrù ọ̀rọ̀?

Ní Yorùbá, a ní àpò kan, a ní àpò mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ náà, “àpò”, kò yí padà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ iye. Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n máa fi “s” sí ìrù rẹ̀:

Àpò kan: “one bag”.
Àpò mẹ́wàá: “ten bags”.
Ewúrẹ́ kan: “one goat”.
Ewúrẹ́ mẹ́ta: “three goats”.

Fàránsé náà ń kọ “s” yìí, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà pè é. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bí ẹ kò bá pè é, ẹni tó ń gbọ́ yín lè rò pé ẹyọ kan ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í gba “s”. Inú wọn ló ń yí padà, tàbí ìrù wọn. “Man” ni ọkùnrin kan, “men” ni ọkùnrin púpọ̀. “Woman” di “women”. “Child”, ìyẹn ọmọ, di “children”. “Foot”, ìyẹn ẹsẹ̀, di “feet”. Àgùntàn ní tirẹ̀ kì í yí rárá: “one sheep”, “ten sheep”. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí èyí. Ẹ kàn fi sórí ni.

Ohun tí a kì í kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í gba “s”: àgbàdo ni “maize”, ìrẹsì ni “rice”, omi ni “water”, owó ni “money”. Àpò tí a kó o sí ni a ń kà. Nítorí náà, àpò àgbàdo mẹ́wàá ni “ten bags of maize”.

Ibi tí ó ti ń rú yín lójú nìyí: ẹ rí “s” ní ìrù ọ̀rọ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú, irú bíi tà, rà, san. Iṣẹ́ “s” ti ibẹ̀ yàtọ̀. Ó ń fi hàn pé ẹnì kan ló ń ṣe é, ẹni náà kì í sì í ṣe èmi tàbí ìwọ. Ẹ wò ó:

“The woman sells maize.” Obìnrin náà máa ń ta àgbàdo.
“The women sell maize.” Àwọn obìnrin náà máa ń ta àgbàdo.

Nígbà tí obìnrin jẹ́ ẹnì kan, “s” wà lára títà. Nígbà tí wọ́n di púpọ̀, “s” kúrò.

Ìbéèrè kẹta: Ó ti san án, àbí ó máa san án?

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ibí yìí ni owó Ìyá ti sọnù.

Ní Yorùbá, bí mo bá ní “Mo san owó”, ẹ mọ̀ pé mo ti san án. N kò fi nǹkan kan kún un, síbẹ̀ iṣẹ́ náà ti parí. Ìgbà tí kò bá tíì parí ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kún un: “Mo ń san”, “Mo máa san”. Gẹ̀ẹ́sì yí èyí padà. Ọ̀rọ̀ tó wà lásán, “I pay”, kò sọ pé owó ti jáde. Ó ń sọ ohun tí mo máa ń ṣe. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà.

Mo máa ń san: “I pay”.
Mo ń san án lọ́wọ́: “I am paying”.
Mo san án: “I paid”.
Mo ti san án: “I have paid”.
Mo máa san án: “I will pay”.
Wọ́n ti san án: “It is paid”.
Ó kù kí wọ́n san án: “It is to be paid”.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sọ pé “I buy maize yesterday”. À ń ronú ní Yorùbá: “Mo ra àgbàdo lánàá.” Lójú tiwa kò sí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n “I bought maize yesterday” ni ó yẹ.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà? Ọ̀pọ̀ ń gba “ed” sí ìrù. “Count” ni kíkà, “counted” ni ó ti kà á. “Receive” ni gbígbà, “received” ni ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò jù ní ọjà kì í tẹ̀ lé òfin yìí. Ẹ kọ́ wọn ní méjì méjì:

Rà: “buy”, “bought”.
Tà: “sell”, “sold”.
San: “pay”, “paid”.
Fún: “give”, “gave”.
Mú wá: “bring”, “brought”.

Bí ẹ bá rí ìwé, kí ẹ tó gbà á, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ṣé iṣẹ́ tó ti parí ni wọ́n kọ, àbí iṣẹ́ tó kù? Ẹ wá “will”, ẹ wá “to be”. Bí méjèèjì kò bá sí, tí ẹ rí “paid” nìkan, wọ́n ń sọ pé owó ti wọ ọwọ́ yín.

Ìbéèrè kẹrin: Báwo ni a ṣe ń mọ “kò” àti “má ṣe”?

Ọ̀rọ̀ “not” ni kí ẹ wá. Lẹ́tà mẹ́ta ni. “Paid” ni a ti san. “Not paid” ni a kò tíì san. Nígbà míràn wọ́n á fi “un” sí orí ọ̀rọ̀: “unpaid”, ìyẹn pẹ̀lú ni a kò tíì san. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìkìlọ̀, wọ́n á kọ “do not”, ìyẹn ni “má ṣe”. Lára ike oògùn koríko, ẹ lè rí “Do not drink”: ẹ má mu ún. Nígbà míràn wọ́n á pa á pọ̀ di “don't”. Ẹ rí àmì kékeré tó wà lókè láàárín “n” àti “t”? Ó rọ́pò “o” tó ti lọ. “Kò” wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó bá ka “drink” tí kò ka “do not”, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ míràn tún wà nípa “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Ká ní ẹnì kan bi yín pé: “You have not been paid?” Ìyẹn ni, “Wọn kò tíì sanwó fún yín?” Bí wọn kò bá tíì san án, àwa Yorùbá á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò tíì san án.” À ń sọ pé òótọ́ ni ohun tí ẹni náà wí. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó bèèrè ni a ń dá lóhùn. Owó náà ni kí ẹ wò. Bí owó bá ti wọlé, “yes” ni. Bí owó kò bá tíì wọlé, “no” ni. Bí ẹ bá dáhùn “yes” bíi ti Yorùbá, ẹ ti fi ẹnu yín sọ pé wọ́n ti sanwó fún yín.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi “yes” tàbí “no” sílẹ̀ lásán. Ẹ sọ ọ́ tán: “No. I have not been paid.”

Ìbéèrè karùn-ún: Ta ló yá ta lówó?

Ní Yorùbá, “yá” kan ṣoṣo ni a ní. “Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀.” “Mo yá a lówó.” Ọ̀rọ̀ tó yí “yá” ká ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì, wọn kì í sì í dà wọ́n pọ̀.

“Borrow”: owó ń bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo jẹ gbèsè.
“Lend”: owó ń kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹlòmíràn ló jẹ mí.

“I borrowed 20,000 naira from her.” Mo yá 20,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀.
“I lent her 20,000 naira.” Mo yá a ní 20,000 náírà.

“Lent” ni “lend” tó ti parí. Bí ẹ bá tẹ̀ka sí ìwé tí a kọ “I borrowed” sí, gbèsè ti di ti yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yọ owó yín jáde. Ẹ ṣọ́ra fún un.

Ìbéèrè kẹfà: Báwo ni a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì?

Bàbá àgbà kan ló bèèrè èyí, ó sì dára. Wọ́n ní àwọn gbọ́ tí ọmọdé kan ń bá àgbàlagbà sọ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń pè é ní “you” bó ṣe ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé wọn kò ní ‘ẹ’ ni?”

Wọ́n ní in rí. Láyé àtijọ́, “thou” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹnì kan, bíi “ìwọ”. “You” ni wọ́n ń pe èèyàn púpọ̀, bíi “ẹ̀yin”. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi “you” bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń lo “ẹ”, tí Fàránsé ń lo “vous”. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, “thou” sì kúrò lẹ́nu wọn. Nítorí náà, ọmọ tó ń sọ “you” fún àgbà kò ṣe àfojúdi. “Ẹ” ni wọ́n ń pe gbogbo ayé, kódà wọ́n ń pe ajá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bọ̀wọ̀, ẹ fi “sir” kún un fún ọkùnrin, “madam” fún obìnrin, kí ẹ sì fi “please” bẹ̀bẹ̀.

“Wọ́n” ńkọ́? Ẹ wo ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé Ìyá “so ìwé mọ́ etí ìró”, mo sì ń pè wọ́n ní “wọ́n”, nítorí pé ìyá mi ni wọ́n. Bí mo bá kọ “they” ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá kà á á rò pé obìnrin mẹ́ta mẹ́rin ló wá gba owó. Fún obìnrin kan, bó ti wù kó dàgbà tó, “she” ni. Fún ọkùnrin kan, “he” ni. Fún ẹran tàbí nǹkan, “it” ni. “Ó” tiwa ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nínú ìwé owó, ẹ wò ó dáadáa: bí wọ́n bá kọ “he” síbi tó yẹ kí “she” wà, ìwé náà ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kì í ṣe ti yín.

Ìbéèrè keje: Bí ọ̀rọ̀ bá jọ ti Fàránsé, ṣé ìtumọ̀ kan náà ni?

Nígbà míràn bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà míràn rárá o. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ Fàránsé díẹ̀, ẹ̀yin ni ó máa ń tàn jù.

“Sale”: lédè Fàránsé, ó dọ̀tí. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, títà. Lára ògiri ilé ní Nàìjíríà, a sábà ń rí “This house is not for sale”. Wọn kò sọ pé ilé náà kò dọ̀tí. Wọ́n ń sọ pé ilé náà kì í ṣe títà, kí gbájúẹ̀ má baà tà á fún ẹni tí kò mọ onílé. “Not” náà tún nìyẹn.

“Pain”: lédè Fàránsé, búrẹ́dì. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìrora. Bí ẹ bá rí i lára páálí oògùn, ìrora ni wọ́n ń sọ. Wọn kò ní kí ẹ fi búrẹ́dì jẹ ẹ́.

“Coin”: lédè Fàránsé, igun. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, owó onírin.

“Poison”: èyí kò yí padà. Májèlé ni ní èdè méjèèjì. Bí ẹ bá rí i lára ike, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọ, ẹ má sì fi ike náà bu omi láéláé. Ṣùgbọ́n bí “s” bá jẹ́ méjì, “poisson”, Fàránsé nìkan ló ni ín, ẹja sì ni. Lẹ́tà kan péré ló wà láàárín ẹja àti májèlé.

Ìbéèrè kẹjọ: Kí ni àmì kékeré tó wà láàárín nọ́ńbà?

Ní ìwé Fàránsé, àmì kọ́mà ń ya odindi kúrò lára ìdá rẹ̀. “1,5 kg” ni kílò kan ààbọ̀. Ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ààmì tóótó ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: “1.5 kg”. Kọ́mà tiwọn ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Nítorí náà, “1,500” ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ẹni tó bá fi ojú Fàránsé kà á lè pè é ní ẹyọ kan ààbọ̀.

Bí ó bá jẹ́ owó ni, ẹ wò ó pé náírà ni àbí sẹ́fà. Iye owó kan náà kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ owó náà sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà, kí wọ́n sì kọ iye náà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó ṣòro láti fi òdo kan kún ọ̀rọ̀.

Bí ìwé ṣe yẹ kí ó rí

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìwé Ìyá. Báyìí ni ó yẹ kí akọ̀wé náà kọ ọ́:

“Received: 10 bags of maize.
Paid: 6 bags.
Not paid: 4 bags.
The buyer will pay for the 4 bags on the next market day.”

Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó rà àti ẹni tó tà. Àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i tàbí tẹ̀ka, ẹlẹ́rìí kan á sì wà níbẹ̀. Ìwé méjì ni kí wọ́n kọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan lọ.

Ẹ wò ó: “received” ti parí, “paid” ti parí, “not paid” kò tíì ṣẹlẹ̀, “will pay” ń bọ̀. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá gbà.

Ìdánrawò

1. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì: àpò kan, àpò mẹ́rin, ewúrẹ́ méjì, àgùntàn méjì, ọmọ mẹ́ta.

2. Èwo nínú ìwé mẹ́ta yìí ni ẹ máa gbà, bí wọn kò bá tíì sanwó fún yín? “Balance paid.” “Balance to be paid.” “Balance unpaid.” Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

3. Ẹ yá ọ̀rẹ́ yín ní 5,000 náírà. Ṣé “I borrowed” ni ẹ máa kọ, àbí “I lent”?

4. Wọ́n bi yín pé: “You have not sold the goats?” Ẹ kò tíì tà wọ́n. Ẹ dá wọn lóhùn.

5. Ẹ mú ìwé tàbí páálí kan tó ní Gẹ̀ẹ́sì lára wá láti ilé. Ẹ fi gègé yí “not” àti “will” ká níbikíbi tí ẹ bá ti rí wọn. Ẹ jíròrò rẹ̀ pọ̀ ní kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Gẹ̀ẹ́sì gbọ́n ju Yorùbá lọ. Ohun tí wọ́n ń fi sí ìrù ọ̀rọ̀, àwa náà ń sọ ọ́, ibòmíràn la kàn ń fi í sí. Ẹni tó mọ ibi tí Yorùbá rẹ̀ ń fi nǹkan sí, kò ní pẹ́ mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi í sí. Ẹ má sì tijú láti ní kí wọ́n ka ìwé fún yín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ìyá ṣì ń ta àgbàdo ní òdìkejì ibodè. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mọ̀ kò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà mọ́ kí wọ́n tó gbé ìwé náà sójú oòrùn, kí wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí owó kò bá tíì pé, wọ́n á dúró, wọ́n á bi akọ̀wé léèrè pé, “‘Not’ dà?”

Akọ̀wé á sì kọ ọ́.